Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ

Àbúrò mi ní Òmù-Àrán,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin jagun ní Bọ̀nọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í sùn lóru mọ́, ó ń mutí, ó ti fa ọ̀kadà rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba kọ́bọ̀, ó sì sọ fún ọ pé, "Bá mi tọ́jú àwọn ọmọ wọ̀nyí." O fẹ́ bi í bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá yín ní èèwọ̀ ni, a kì í fẹnu pè é.

Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ tọ̀nà. Bàbá yín fẹ́ràn ọmọ wọn, àmọ́ dídákẹ́ gan-an ló léwu níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Bíbéèrè kì í gbin èrò ikú síni lọ́kàn. Ẹni tó ti ń dá ẹrù náà rù ló ń rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọmọkùnrin ilẹ̀ wa ti ń gbọ́ "ikú yá ju ẹ̀sín" kó tó wọ bárékè rárá. Tó bá wá padà délé tí agbára rẹ̀ ò ká owó iléèwé ọmọ, ẹ̀sín ló máa ka ara rẹ̀ sí. Nítorí náà, má sọ fún un pé "ọkùnrin ni yín" tàbí "ẹ ṣọpẹ́ pé ẹ bọ̀ láàyè." Ó rántí àwọn tí kò bọ̀.

Jẹ́ kó ku ẹ̀yin méjèèjì, kó o má pòwe: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti ń ronú àtigba ẹ̀mí ara yín?" Lẹ́yìn náà, panu mọ́, kó o gbọ́ ọ tán. Ní Amẹ́ríkà, Paul Quinnett dá ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ QPR sílẹ̀ ní 1995 fún ẹni tí kì í ṣe dókítà: béèrè, rọ̀ ọ́, mú un dé ibi ìrànlọ́wọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ lè kọ́ ọ, ìwọ náà lè kọ́ ọ. Wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ jagun mọ́ra pẹ̀lú. Ohun tí kò ní sọ fún ẹ̀yin ará ilé, ó lè sọ fún ìyẹn.

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Má sọ pé "ẹ lọ rí dókítà". Ẹ jọ wọkọ̀ lọ sí UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní ẹ̀ka Behavioural Sciences níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn. Bó bá ní rárá tí ara rẹ kò sì gbà á, tún bi í láìpẹ́.

O mẹ́nu ba ìbọn ṣakabùlà bàbá yín àti oògùn apakoríko tó wà lẹ́yìn ilé. Èyí ló ká mi lára jù. Èrò yìí máa ń ru sókè lójijì, ó sì máa ń rọlẹ̀. Bí ohun tó lè fi pa ara rẹ̀ bá jìnnà sí i lásìkò náà, ó lè yè é. Kó méjèèjì lọ sílé ẹlòmíràn lálẹ́ òní, kó o tó sùn. Kó o sì kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ń retí rẹ.