Má kó afẹ́fẹ́ mímí sínú àpótí tó ṣeé já sílẹ̀

Àbúrò mi ará Samaru, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o ń ṣe ọkọ̀ sánmà kékeré kan fún gémù orí tábìlì tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí ẹnì kan ń darí ìtàn, tí àwọn yòókù ń fi pépà àti dáìsì ṣe èèyàn inú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní lọ jìnnà ju òṣùpá lọ, wọ́n á sì lè máa pààrọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀: kó gbé ẹrù lónìí, kó gbé èrò lọ́la. O wá fẹ́ mọ iye àpótí ẹ̀yìn tó yẹ kí o kọ́kọ́ yà. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí ní Kubwa níbí. Ojú mi rí nǹkan.

Wo tírélà tó ń ti Zuba bọ̀. Orí ẹ̀ dá wà, ẹ̀yìn ẹ̀ dá wà. Orí kan náà á fa kọ̀ǹténà lónìí, á fa táńkà epo lọ́la. Fi pépà onílà ya orí, ya àwọn àpótí, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Ẹjọ́ wà nínú ohun tó máa bá orí lọ àti ohun tó máa bá ẹ̀yìn lọ.

Èmi fẹ́ kí orí ọkọ̀ gba ìjókòó mẹ́fà. Àyè ò tó, ni mo bá kó àgbá ọ́síjìn sábẹ́ àpótí ẹ̀yìn. Mo ní ṣebí wọ́n jọ ń rìn ni. Sátidé kẹrin tí a jókòó, olè lé wọn nínú sánmà. Ọmọbìnrin kan ló ń wa ọkọ̀ nínú eré, èèyàn inú ìtàn tó sì ń ṣe yẹn, láti gémù tó ṣáájú ló ti ń gbé e bọ̀, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ó ní kí wọ́n já àpótí sílẹ̀ fáwọn olè, kí ọkọ̀ fúyẹ́, kí wọ́n sá. Ọgbọ́n gidi! Gbogbo ilé pariwo. Èmi tí mò ń darí eré wojú pépà mi, mo rí i níbi tí mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí: ọ́síjìn, ìsàlẹ̀ àpótí. Ó yẹ kí n purọ́. Mi ò purọ́. Mo ní afẹ́fẹ́ ti bá àpótí lọ. Ilé pa lọ́lọ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan là ń gbọ́. Ọmọbìnrin náà ṣa dáìsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì, ó dé e, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó dàárọ̀ o.” Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni o. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi pè é, kò gbé e.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé mo ti ní kí ẹnì kan bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá ẹnjiníà kan tó ní iṣẹ́ sátẹ́láìtì lòun ń ṣe fún ìjọba. Ojú ìwé mọ́kànlá ló fi ṣírò fún mi, kò sí ìlà kan tó béèrè ibi tí èèyàn á ti máa mí! Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni kí wọ́n fi dé òṣùpá, torí bẹ́ẹ̀ ni ti Apollo 11, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ gbé èèyàn dé orí òṣùpá, ṣe rí ní 1969. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ máa fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe nínú ohun tí kò ju bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá lọ? Ẹnì kan sùn lórí àga mi, ó ń hanrun. Ní tìẹ, jẹ́ kó jẹ́ wákàtí mẹ́fà péré, jẹ́ kí ẹnjiníà máa sunkún.

Ti Apollo 13 ló yẹ kó sọ fún mi. Ní 1970, àgbá ọ́síjìn wọn bẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá wọ ọkọ̀ kékeré tó yẹ kó gbé méjì nínú wọn sọ̀ sórí òṣùpá. Ohun tó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ nínú ọkọ̀ ńlá ní igun mẹ́rin. Ti ọkọ̀ kékeré rí róbótó, kò sì tó èèyàn mẹ́ta, àfi kí wọ́n lo ti ọkọ̀ ńlá níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan náà, ìrìnàjò kan náà! Ọ̀rá, páálí àti téèpù ni wọ́n fi so ó pọ̀ kí wọ́n má bàa kú. Nítorí náà, ohun gbogbo tó bá ń wọnú ara wọn, ìrísí kan ni kó ní. Ojú ìsomọ́, ibi tí ọkọ̀ ti ń so mọ́ ọkọ̀, òun náà ńkọ́? Ti Apollo jẹ́ akọ àti abo, akọ méjì ò lè so. Nígbà tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà àti ti Soviet fẹ́ pàdé ní 1975, wọ́n ṣe èyí tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bára mu. Irú ẹ̀ ni kí o lò, kí àpótí lè so mọ́ àpótí láìsí orí.

Bí ó bá jẹ́ òfin Traveller, gémù ìrìnàjò sánmà kan tí wọ́n ń tà, lẹ fẹ́ lò, ṣọ́ra: tọ́ọ̀nù ibẹ̀ kì í ṣe ìwúwo, àyè ni, bíi mítà kúbíkì mẹ́rìnlá, ìyẹn àyè tí tọ́ọ̀nù kan háídírójìn olómi ń gbà. Àpótí ọkọ̀ wọn tó jẹ́ 30 tọ́ọ̀nù tóbi ju kọ̀ǹténà gígùn márùn-ún lọ. Èmi rò pé ìwúwo ni, mo ya ilé ẹyẹlé.

Má sì ra dáìsì láti òkè òkun. Ẹni tó wà lórí káńtà níbi tí mo ti fẹ́ gbà á ní nǹkan tẹ́tẹ́ ni, ó di tèmi mú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ti lúdò tó wà lọ́jà ti tó.

Àpótí mẹ́ta ni kí o yà: ti ẹrù, ti èrò, àti òfìfo kan tí àwọn fúnra wọn á pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Epo, afẹ́fẹ́ àti omi, orí ni kí wọ́n wà, bí ìjókòó tilẹ̀ ku mẹ́rin.

Ọmọbìnrin yẹn padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Kó tó jókòó, ó ní kí n gbé pépà ọkọ̀ wá, kí òun fojú ara òun rí ibi tí àgbá wà.