Ìsàlẹ̀ pọ́ǹpù ni atẹ́gùn ti ń wọ táyà, ẹ tẹ̀ ẹ́ délẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ yín títí apá fi ń ro yín, síbẹ̀ táyà ò le. Ẹ ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ti pààrọ̀ tíúbù lẹ́ẹ̀mejì, ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ sì ń bá lára rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ń béèrè bóyá pọ́ǹpù ló bàjẹ́ tàbí tíúbù ni ò dáa. Nǹkan yìí ṣe èmi náà fún odindi ọdún kan. Tíúbù mẹ́fà ni mo rà lọ́dún yẹn, kò sì sí èyí tó lábùkù nínú wọn. Bí mo ṣe ń tẹ pọ́ǹpù ni kò dáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ihò méjì yẹn, torí òun ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ìṣó kì í dá irú ihò bẹ́ẹ̀. Táyà tó rọ̀ ló ń fà á. Bí kẹ̀kẹ́ bá kọlu òkúta tàbí etí kòtò, táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ ò tó á tẹ́ pẹrẹsẹ, òkúta á tì í lu ríìmù, tíúbù á há sáàárín, etí ríìmù méjèèjì á sì ge é lójú méjì bíi ibi tí ejò ti buni ṣán. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ihò méjì báyìí, kó má wulẹ̀ wá ìṣó kiri. Atẹ́gùn ni kò tó.

Kí ló wá dé tí kò fi tó, nígbà tó jẹ́ pé ẹ fẹ́ ẹ títí ẹ fi làágùn? Ọjọ́ tí mo tú pọ́ǹpù tèmi palẹ̀ ni mo tó mọ̀ ọ́n. Nǹkan inú rẹ̀ ò pọ̀ rárá: òpó gbọọrọ kan, ọ̀pá irin tó gba inú rẹ̀ kọjá, àti ife kékeré kan lẹ́nu ọ̀pá náà, tí wọ́n fi awọ tàbí rọ́bà ṣe. Ìsàlẹ̀ ni ẹnu ife yẹn kọjú sí. Bí ẹ bá fa ọwọ́ pọ́ǹpù sókè, etí ife á sún kúrò lára òpó díẹ̀, atẹ́gùn á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, atẹ́gùn tó ti há sísàlẹ̀ á ti etí ife náà mọ́ òpó pinpin. Kò ní ríbi gbà padà mọ́, ọ̀nà táyà nìkan ló kù fún un. Àmọ́ fáàfù táyà dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú ilé, tí àwọn ará ilé sì fẹ̀yìn tì. Kò ní ṣí títí agbára atẹ́gùn tó wà nínú pọ́ǹpù á fi ju ti inú táyà lọ.

Ibẹ̀ gan-an lẹ ti ń pàdánù. Láti ọdún 1662 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Robert Boyle, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí a bá fún atẹ́gùn pọ̀ sí ìdajì àyè tó wà tẹ́lẹ̀, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ká ní táyà yín ti dé 60 psi, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára atẹ́gùn inú táyà. Atẹ́gùn ayé tó yí wa ká fúnra rẹ̀ tó bíi 15, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 75, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún ohun tí pọ́ǹpù fà wọlé. Ẹ gbọ́dọ̀ fún atẹ́gùn inú òpó títí yóò fi ku bí ìdá kan nínú márùn-ún kí fáàfù tó gbà á láyè. Bí òpó bá gùn ní 50 sẹ̀ǹtímítà, nǹkan bí 40 àkọ́kọ́ ò fi ohunkóhun sínú táyà. 10 tó kẹ́yìn ló ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé atẹ́gùn tí a bá yára fún pọ̀ máa ń gbóná, ooru yẹn sì máa ń jẹ́ kí fáàfù ṣí ṣáájú ibẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ padà: òpin ìtẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Èmi ńkọ́? Bó bá ti ń le báyìí ni mo máa ń dá ọwọ́ dúró lágbedeméjì, tí máa wá máa yára tẹ̀ ẹ́ ṣókí-ṣókí. Ìdí pọ́ǹpù á gbóná débi pé mi ò ní lè fọwọ́ kàn án, inú mi á dùn, mo rò pé iṣẹ́ ń lọ. Atẹ́gùn kan náà ni mo ń fún pọ̀ tí mo sì ń tú sílẹ̀, kò sí èyí tó wọ táyà. Ẹ fà á sókè dé òkè pátá, ẹ tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ pátá, kí ẹ gbọ́ tó dún kọ̀ ní ìsàlẹ̀. Ogún irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ sàn ju igba ìtẹ̀ ṣókí-ṣókí lọ. Tó bá jẹ́ pọ́ǹpù tí a ń gbé nàró sílẹ̀ ni, ẹ na apá yín gan-an, kí ẹ fi ìwúwo ara yín tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi agbára èjìká nìkan ṣe é.

Bí ó bá wá le débi tí ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ mọ́, ó lè jẹ́ pé òpó pọ́ǹpù yẹn tóbi jù fún táyà yín. Bí òpó bá fẹ̀ ní mílímítà 20 nínú, ẹ ó nílò agbára bíi kílò 22 láti dé 100 psi. Bó bá fẹ̀ ní 30, ó di bíi kílò 50. Òpó tóbi dára fún táyà gbẹ̀ǹgẹ̀dẹ̀ orí ilẹ̀ iyẹ̀pẹ̀, tó ń fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ tí kò le jù. Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ ló bá táyà tẹ́ẹ́rẹ́ mu.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu pọ́ǹpù yín kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó ta kò yín, kí ọwọ́ rẹ̀ sì ta padà sókè bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá kàn ń rọra lọ sílẹ̀ láìjanpata, ife inú rẹ̀ ló ti gbẹ tàbí tó ti jẹ. Ife aláwọ ń fẹ́ òróró díẹ̀: ẹ kán an sí i, ẹ fi ìka fẹ etí rẹ̀ síta, á jí padà. Tó bá jẹ́ rọ́bà ni, gíríìsì sílíkóònù ló bá a mu. Òróró ẹ́ńjìnnì lè mú un wú.

Ẹ wo fáàfù yín náà. Èyí tó rí bíi ti mọ́tò kò ní wàhálà. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní Presta, ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí tí ẹ gbọ́dọ̀ tú sókè. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó dún fììì, torí ó máa ń lẹ̀ bó bá ti pẹ́, kí ẹ tó fi pọ́ǹpù sí i. Ariwo fììì tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá yọ pọ́ǹpù kúrò, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Atẹ́gùn inú rọ́bà pọ́ǹpù ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ti táyà.

Ọ̀kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má fojú di. Lọ́jọ́ kan mo pààrọ̀ tíúbù ní kánmọ́kánmọ́, apá kan rẹ̀ sì yọ sábẹ́ etí táyà láìjẹ́ pé mo rí i. Mo tẹ̀ ẹ́ dé 80, mo bẹ̀rẹ̀ láti wo géèjì, ó sì bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Ọjọ́ méjì ni etí yẹn fi ń hó. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi atẹ́gùn díẹ̀ sí i ná, màá yí táyà káàkiri, màá wo ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìmù bóyá ó lọ geere yípo lójú méjèèjì. Ibi tó bá wú tàbí tó rì, mo máa tú u síta kí n tún un tò. Ìdí kan náà ni mi ò fi ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà mọ́tò: inú tíúbù kẹ̀kẹ́ kéré, ìṣẹ́jú àáyá péré ló fi ń kọjá àlà.

Iye tí ẹ máa fi sí i wà lára táyà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i. Èyí tó ga jù níbẹ̀ ni òpin, kì í ṣe ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ dé. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú títì lè gba 80 sí 100 psi, táyà gbẹ̀ǹgẹ̀dẹ̀ olóríkèé-ríkèé lè má ju 30 lọ. Ẹ̀yìn ni ìwúwo wà jù, torí náà ẹ dín tiwájú kù díẹ̀. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí atẹ́gùn ń gba ara rọ́bà jáde díẹ̀díẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí ihò kankan.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí tíúbù ṣì ń jò, ẹ wo ibi tí ihò wà. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ríìmù ni, orí sípóòkù ló ń gún un, téèpù inú ríìmù lẹ máa pààrọ̀.