Bọ́ọ̀sì Méjì Tàbí Ibùdókọ̀ Tó Ní Iná?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Nyanya ni mò ń gbé, Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iléeṣẹ́ wa ti ya owó sọ́tọ̀ fún ojúṣe rẹ̀ sí àwùjọ, ọ̀gá wa sì fẹ́ ra bọ́ọ̀sì méjì tí a ó kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí lára, kí a fi ta ará ìlú lọ́rẹ. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ṣé ọ̀nà tó dára jù nìyí? (Ìyá Ayọ̀, Àbújá)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Ìyá Ayọ̀. Ọkọ̀ ojú irin inú ìlú tí Ààrẹ Tinubu tún ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 kò dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí náà ojú títì nìkan ni ẹ̀yin ará Nyanya àti Mararaba gbójú lé. Èrò ọ̀gá yín dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ra epo àti táyà, ta ni yóò sì máa san owó oṣù awakọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ra ẹyọ kan, kí wọ́n fi owó ìkejì tọ́jú rẹ̀.

Ní tèmi, ibi tí èrò ń dúró sí ni ǹ bá kọ́kọ́ ná owó lé. Nínú òkùnkùn ìdájí, níbi tí kò sí iná tí kò sì sí òrùlé, ẹni tí ẹ̀rù pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ ń bà yóò kó sínú ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá dúró, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́ṣà tí a mọ̀ sí "one chance" sì ṣe ń rí ènìyàn mú. Ibùdókọ̀ tó ní òrùlé, bẹ́ǹṣì àti iná sólà kò tó owó bọ́ọ̀sì kan. Kí ẹ ṣe ọ̀nà dídagẹ̀rẹ̀ sí i fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, nítorí òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ti fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Mararaba ni ẹ fẹ́ kọ́ ọ sí, ìjọba Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe ti Àbújá.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó wà lábẹ́ òrùlé yín. Ṣé bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ yín ń gbé àwọn agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ tí alágbàṣe gbà síṣẹ́? Bí àwọn kan bá ń wọṣẹ́ ní aago méje, tí àwọn mìíràn ń wọ ọ́ ní aago mẹ́sàn-án, kò ní ná iléeṣẹ́ ní kọ́bọ̀, yóò sì dín ìlàkàkà òwúrọ̀ kù.

Kí ìgbìmọ̀ yín tó jókòó, ẹ lọ sí ibùdókọ̀ Nyanya ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí ẹ bi àwọn obìnrin tó ń lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì léèrè ohun tó ń ni wọ́n lára jù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an.