Ṣé àtúnṣe sí òfin òòfà (gravity) lè rọ́pò dark energy?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n títí di òní, kò tíì sí àbá àtúnṣe kankan tó ṣàlàyé ohun tí à ń rí lójú ọ̀run dáadáa ju dark energy lọ.

Ní 1998, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ rí i pé bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀ ń yára sí i. Àwọn kan ní agbára àìrí kan ló fà á, òun ni wọ́n pè ní dark energy. Àwọn mìíràn ní òfin òòfà Einstein ti 1915 ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ bí ọ̀nà bá ti jìn jù.

Ìdánwò tó le jù dé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 2017. Ìràwọ̀ neutron méjì (èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí ìràwọ̀ ńlá bá kú) ti kọlu ara wọn níbi tó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ máa ń fi nǹkan bí mílíọ̀nù 130 ọdún rìn ín. Ìgbì òòfà (ìgbì inú òfuurufú tí òòfà ń dá sílẹ̀) àti ìtànṣán gamma (irú ìmọ́lẹ̀ alágbára kan) tó tibẹ̀ wá kò fi ìṣẹ́jú àáyá 2 ju ara wọn lọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, lẹ́yìn gbogbo ìrìn náà! Ọ̀pọ̀ àbá àtúnṣe tó ní eré ìgbì òòfà àti ti ìmọ́lẹ̀ yẹ kó yàtọ̀ wó lulẹ̀.

Àbá f(R), ọ̀kan lára àwọn àtúnṣe sí òfin Einstein, yè é, torí eré kan náà ni méjèèjì ń sá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bá òfin Einstein mu nítòsí oòrùn wa.