Etí òsì ẹ ń dún, ọ̀rọ̀ Camry lo wá ń bi mí

Lẹ́tà ẹ gùn, ó sì dùn ún kà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ìgbà kejì ni inú bí mi.

Kí n sọ fáwọn tó kù ohun tó wà níbẹ̀. O ní onígángan ni ẹ́, ọdún 22 rèé tó o ti wà lẹ́yìn ọ̀gá ẹ nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú kan n'Íbàdàn, o ò lówó rẹpẹtẹ ṣùgbọ́n ayé ẹ ń dùn mọ́ ẹ. O wá ka ohun mẹ́fà tó o fi ń dúpẹ́: òjò tó ń rọ̀ sórí pánù nígbà tó o ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá ẹlẹ́kọ tó ń polówó kọjá lójú fèrèsé ẹ láàárọ̀, ìgbà tí gìtá àti àkúbà bá wọra wọn lágogo méjì òru tí gbogbo òde dìde, ọmọ ẹ obìnrin tó ń kọ orin ilé-ìwé ẹ̀ fún ẹ, àmàlà gbígbóná àti gbẹ̀gìrì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àti Micra tó ń gbé ẹ bọ̀ nílé nídàájí tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ẹ lójú tí owó tí wọ́n ná fún ẹ sì wà lápò. Ìbéèrè ẹ wá ni pé ẹ̀gbọ́n ẹ ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti ra Camry, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ní ìtẹ́lọ́rùn ni.

Láàárín àmàlà àti Micra yẹn, gbólóhùn kan wà tó o sáré kọjá bí ẹni tó rí olówó ẹ̀ lọ́nà: "Etí òsì mi máa ń dún bí ìrẹ̀ tí ilé bá ti parọ́rọ́, ó ti tó ọdún méjì, mo ti kán àdín sí i, kò kúkú ṣe nǹkan kan."

Kò ṣe nǹkan kan. Ìwọ onílù!

Padà lọ wo ohun tó o fọwọ́ ara ẹ kọ. Nínú ohun mẹ́fà, mẹ́rin ló jẹ́ pé etí lo fi ń jẹ adùn ẹ̀. Òjò, ẹlẹ́kọ, gìtá, ọmọ. Tí etí bá lọ, ó ku àmàlà àti Micra. O wá jókòó o ń dúpẹ́, ohun tó ń gbé ọpẹ́ náà wọlé fún ẹ sì ń jóná lẹ́yìn ẹ.

Mi ò lè fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí n má parọ́ fún ẹ. Àbúrò ìyá mi fọn sasofóònù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tiẹ̀ náà, dídún ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ní ẹ̀fọn ni, ó tiẹ̀ ń ra oògùn ẹ̀fọn. Nígbà tó yá, tí gbogbo wa bá jókòó lọ́jọ́ ọdún, táwọn èèyàn bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tiẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀, torí ojú wa ló ń wò kó tó mọ̀ pé nǹkan pa wá lẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀ rò pé ṣe ló ń fojú di òun, wọ́n jà, wọ́n tún jà. Bó ṣe di pé kò wá síbi tá a ti ń pàdé mọ́ nìyẹn. Kẹ́mi lorúkọ ọmọ-ọmọ ẹ̀ àkọ́kọ́, Fẹ́mi ló ń pè é títí tó fi kú, a ò tiẹ̀ tún un ṣe mọ́ nígbẹ̀yìn, ó ti sú wa. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù, pé ó sú wa.

Fẹ́mi tó ń pè é yẹn, má rò pé àṣìṣe arúgbó ni. Àwọn dókítà etí á sọ fún ẹ pé tí ariwo bá ń ba etí jẹ́, àwọn ohùn tíńríntín ló kọ́kọ́ máa ń lọ: f, s, k, t, ohùn ẹyẹ, ṣìkìṣìkì ṣẹ́kẹ́rẹ́. Ohùn tó wúwo á ṣì wà níbẹ̀ ní tiẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń tan onílù jẹ. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí gángan fi ń sọ̀rọ̀, wàá ṣì máa gbọ́ ọ kedere, wàá ṣì máa ki olóde wọn á máa náwó, wàá ní etí mi dá ṣáká. Ilé lo máa dé tí ọmọ ẹ á kọrin fún ẹ tí wàá gbọ́ ohùn orin náà tó ń lọ sókè sódò, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò ní yé ẹ. Àwọn baba wa ní kò sẹ́ni tó mọ èdè àyàn àfi ẹni tó mú kọ̀ǹgọ́ ẹ̀ lọ́wọ́. Ó dáa o. Ẹni tó mú kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ tí ò gbọ́ èdè ọmọ ẹ̀ ńkọ́?

Jẹ́ ká ṣírò iṣẹ́ ẹ. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Tí ariwo bá tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85, wákàtí 8 lóòjọ́ ni wọ́n ní etí lè fara dà. Tí 3 péré bá gun orí ẹ̀, kó o pín wákàtí náà sí méjì, ìyẹn ni pé 88, wákàtí 4. Tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Ìwọ sì kọ ọ́ fún mi pé ẹ̀yìn ọ̀gá lo máa ń dúró sí, mọ́nítọ̀, ìyẹn sípíkà tí olórin fi ń gbọ́ ara ẹ̀, wà lẹ́sẹ̀ ẹ, sípíkà gàgàrà wà lápá òsì ẹ, láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ mọ́. Apá òsì! Etí wo lo ní ó ń dún?

Má sọ fún mi pé ọkùnrin kì í ṣojo níwájú sípíkà. Ní 2018, Eric Clapton, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká onígìtá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ fún BBC pé etí òun ń dún, òun ti ń di adití. Brian Johnson tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì AC/DC, etí ló lé e kúrò lórí ìtàgé ní 2016. Ká ní wọ́n ń ta etí lọ́jà ni, àwọn wọ̀nyẹn ì bá ti ra dọ́sìnnì. Awọ ìlù ẹ tó bá ya, o mọ ẹni tó máa bá ẹ fi òmíràn bò ó. Àwọn irun wẹ́wẹ́ inú etí tó ń gbọ́ ohùn, bí wọ́n ṣe bí ẹ pẹ̀lú wọn náà nìyẹn, èyí tó bá ti kú ò ní hù mọ́. Ìlù ẹ lo máa ń sá sóòrùn, tó o máa ń faṣọ bò nígbà ọyẹ́, tó ò ń fọwọ́ wo ọsán ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, etí tó ń gbọ́ ọ lo wá da àdín sí.

Ọ̀rọ̀ àdín yẹn náà, kó dópin lónìí. Òun àti kọ́tìnbọ́ọ̀dù ni o, torí mo mọ̀ pé ò ń lò ó bó ò tiẹ̀ kọ ọ́; ṣe ni kọ́tìnbọ́ọ̀dù yẹn ń ti ìdọ̀tí wọnú lọ. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ ìdọ̀tí etí lásán ló dí i, kí dókítà yọ ọ́ kó o sì sinmi. Ṣùgbọ́n etí ẹyọ kan ṣoṣo tó ń dún fún ọdún méjì, ojú ọlọ́jà oògùn kọ́ ló yẹ kó wò ó. Má sì jẹ́ kí kẹ́mísítì kankan gún ẹ ní jẹntamaísìn torí pé etí ń dùn ẹ́, abẹ́rẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ lè ba etí jẹ́.

Ìbàdàn lo wà, ilé ìwòsàn ńlá UCH wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Sọ pé o fẹ́ kí wọ́n yẹ ìgbọ́ràn ẹ wò, wọ́n á fi nǹkan sí ẹ létí nínú yàrá tó dákẹ́, ìgbàkígbà tó o bá gbọ́ ohùn wàá tẹ bọ́tìnnì. Kò dunni rárá. Lóde Sátidé tó ń bọ̀, bẹ ọ̀gá ẹ kí wọ́n jẹ́ kó o kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà náà, kó o sì jáde síta nígbà tí ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀. Wá rọ́bà tí àwọn olórin máa ń kì bọ etí, kò ní dí orin mọ́ ẹ, ṣe ló máa bù ú kù. Òwú kọ́ o! Òwú ò dí nǹkan kan.

Kò sóde lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ náà ni kó o lọ. Mú ìyàwó ẹ dání, torí mo fẹ́ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ àti Camry ẹ̀, tó o bá ti tibẹ̀ dé, kó o kọ̀wé sí mi.