Ẹ wo físà ọmọ yín kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ ojú omi

Ẹ kú ilé o, Mọ́mì. Ẹ ní ọmọ yín tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi sáà kan kàwé nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń yí ayé ká, Semester at Sea, àwọn kan ní Iléṣà sì ń sọ fún yín pé jìbìtì ni. Jìbìtì kọ́. Ọdún 1963 ni irú ìrìn àjò yẹn ti bẹ̀rẹ̀, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado ló sì ń fọwọ́ sí máàkì wọn láti 2016. Mo wọ ọkọ̀ náà, World Odyssey, nígbà tí mo ń kàwé lọ́hùn-ún kí n tó padà sí Ifẹ̀.

Pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé wa ni kí ẹ bẹ̀rù. Nínú àwọn èbúté tèmi, Gánà nìkan ni mo wọ̀ láìtọrọ ààyè. Físà orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà ò jáde títí ọkọ̀ fi gbéra. Nígbà tí a gúnlẹ̀ síbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn irin. Ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n kan ṣí pásípọ́ọ̀tù mi ní ewé méjì, ó pa á dé, ó sì tì í padà sí mi. Inú ọkọ̀ ni mo wà títí a fi kúrò níbẹ̀, èmi àtàwọn tó ń kun ọkọ̀ lọ́dà. Kúùkù kan sọ mí ní Gómìnà nítorí pé èmi nìkan ni mo ń jẹun nínú gbọ̀ngàn ńlá yẹn.

Ti ọmọ yín tún lè le ju tèmi lọ. Físà Amẹ́ríkà tèmi jẹ́ ti ọdún méjì, mo lè wọlé jáde bó ṣe wù mí. Ní oṣù keje 2025, wọ́n sọ ti púpọ̀ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà di oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo; ní oṣù kìíní 2026, wọ́n tún dá fífún wa ní físà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dúró. Ẹni tó ní irú ìyẹn, tó bá fi lè jáde, ó di kó tún tọrọ físà tuntun, bí wọ́n bá ń fúnni rárá, kó tó padà sí kíláàsì rẹ̀. Ẹ ní kó ya fọ́tò físà náà ránṣẹ́ sí yín. Kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Entries sí: bí kì í bá ṣe M, ìyẹn físà tí wọ́n lè fi wọlé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ jẹ́ kó jókòó sí Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ M, kí ọjọ́ tí yóò parí kọjá ọjọ́ tí yóò padà, kí ọ́fíìsì ilé ìwé rẹ̀ sì fọwọ́ sí I-20 rẹ̀, ìwé tí ilé ìwé fún un láti fi gba físà akẹ́kọ̀ọ́, kó tó gbéra.

Ìwé kíkà ń bẹ níbẹ̀ o, kì í ṣe fàájì lásán. Orí omi ni wọ́n ti ń ṣe kíláàsì; bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, kíláàsì dúró. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí ìlà oòrùn, wọ́n á máa yọ wákàtí kan nínú oorun yín lóru, kíláàsì àárọ̀ ò sì ní yẹ̀. Àwa ará Ifẹ̀ ní Igbó Olókun nínú ìlú, síbẹ̀ adágún Ọ̀pá nínú ọgbà OAU ni omi tó tóbi jù tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìgbì dé, bírò mi yí láti etí tábìlì kan dé èkejì, olùkọ́ fọwọ́ kan di òpó mú, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Atalẹ̀ tútù tí mo ń rún lẹ́nu wúlò fún mi ju oògùn wọn tó ń múni sùn.

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ yẹn náà ńkọ́? Iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ò sí lórí omi. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní dúdú àti funfun pé àwọn yóò gba kọ́ọ̀sì wọ̀nyí, kó tó forúkọ sílẹ̀. Owó tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni gbogbo owó. Owó físà, abẹ́rẹ́, ọkọ̀ òfuurufú àti ìnáwó orí ilẹ̀ ṣì ń bẹ. Ẹ̀yin ọmọ Òṣómàáàló ò kúkú nílò kí ọmọ Ifẹ̀ máa kọ́ yín ní ìṣirò owó. Yẹ́lò káàdì tó gbà ní Nàìjíríà, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kó wá a jáde: láti 2016, kì í kú mọ́.

Bí ẹ bá rí M yẹn, ẹ fún mi lórúkọ àwọn èbúté wọn, màá sọ físà tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè.