Ṣé púlì ẹ̀rọ tí ń gé pòtétò ni kí n pààrọ̀, àbí bẹ́líìtì?

Ẹ béèrè ìdí tí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gé pòtétò ní Yábàá fi ń yọ bẹ́líìtì lẹ́yìn tí ẹ ti ra tuntun lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yẹ ihò tí bẹ́líìtì ń gbà yí púlì (kẹ̀kẹ́ tó ń fa bẹ́líìtì) ara mọ́tò iná ká wò: bí bẹ́líìtì bá ti rì wọ inú rẹ̀ kọjá etí púlì, tí ìsàlẹ̀ ihò náà sì ń dán bíi dígí, púlì ló ti jẹ, kò sì sí bẹ́líìtì tuntun tí yóò dúró níbẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ihò ni ó yẹ kí ó di bẹ́líìtì mú, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Ẹ yọ okùn iná kúrò lára ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Pípa súìṣì nìkan kò tó, nítorí ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ dẹ bẹ́líìtì, ẹ tú bóòtì tó di púlì mọ́ ṣáàfù (ọ̀pá mọ́tò tó ń yí), kí ẹ sì fi púlà, irinṣẹ́ tí a fi ń fa púlì yọ, fà á jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òòlù lù ú, torí ó ń ba bíárìn mọ́tò jẹ́.

Ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì. Ẹ gbé púlì àtijọ́ dání lọ sí Òwódé Onírin, ọjà irin ní Èkó, kí fífẹ̀ rẹ̀, ihò àárín tí ṣáàfù ń wọ̀ àti irú bẹ́líìtì rẹ̀ lè bára mu. Bí mọ́tò bá ń yí ní ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan, púlì mọ́tò 75 mm tó ń fa púlì ọ̀bẹ 300 mm yóò yí ọ̀bẹ ní ìgbà 350, ṣùgbọ́n púlì mọ́tò 100 mm yóò sọ ọ́ di nǹkan bíi 467, eléyìí sì léwu.

Kí ẹ tó de púlì tuntun náà pa, ẹ fi igi tó gún wọ̀n ọ́n, kí púlì méjèèjì wà lórí ìlà kan náà.